Dúrọ́ọ̀mù Tàbí Dísìkì? Ọ̀rọ̀ Lórí Bíréèkì Ọkọ̀ Ìjàpá

Lẹ́tà kan ni ó fa ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí. Oníṣòwò kan tí ó ń ta bébà fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú ni ó kọ ọ́. Bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé nígbà ayé rẹ̀, ra ọkọ̀ Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá ní ọdún 1976, ọkọ̀ náà sì ti di ti ọmọ báyìí. Ó ti tún un kùn, ó ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, àga inú rẹ̀ sì ń dán bí ti ọkọ̀ ìyàwó. Nǹkan kan ṣoṣo ni ó ń já a láyà. Bí ó bá ti wà lórí Afárá Third Mainland, tí ọkọ̀ iwájú sì dúró lójijì, ó ní kí òun tó rí Ìjàpá dá dúró, òun á ti pe orúkọ ìyá òun lẹ́ẹ̀mejì.

Mẹkáníìkì rẹ̀ ní kí wọ́n yọ bíréèkì oní-dúrọ́ọ̀mù tí ó wà níwájú kúrò, kí wọ́n fi oní-dísìkì rọ́pò rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ òde òní. Àbúrò bàbá rẹ̀ kò gbà. Ó ní ohun tí ẹ̀gbọ́n òun fi wakọ̀ fún ogún ọdún láìkọlu ẹnikẹ́ni, kí ni ó tún ṣe é tí ẹ fẹ́ sọ ọ́ nù? Ọ̀rọ̀ di ẹjọ́ nínú ẹbí, wọ́n ní kí Tíṣà wá dá a.

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n mo ti jókòó lórí àpótí ní ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ju bí ìyàwó mi ti fẹ́ lọ. N óò kọ́kọ́ dá ẹjọ́ náà kí n tó sọ ìdí rẹ̀: mẹkáníìkì ni ó jàre, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe kò pé, bí ó bá sì ṣe é bí ó ti sọ ọ́ fún mi, ọkọ̀ náà yóò burú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní àdúgbò wa. Ní ìlú Èkó, bí wọ́n bá ní wọ́n ti gbé ẹnì kan lọ sí Igbóbì, kò sí ẹni tí ó ń bèèrè ohun tí ó ṣe é, eegun ni. Ọdún 1945 ni ilé ìwòsàn eegun náà bẹ̀rẹ̀, fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ogun àgbáyé kejì sọ di aláàbọ̀ ara. Ogun yẹn ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń gbé wọ ibẹ̀ lóde òní, ojú títì ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹni tí ó bá dúró ní etí ọ̀nà Ìkòròdú, láti Jìbówù dé Fadéyì, dé Onípàánù, yóò rí i bí ọmọ ilé ìwé ti ń já wọ títì, bí ọlọ́kadà ti ń yọ láti apá ọ̀tún, bí ọkọ̀ akérò ti ń dúró níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ìjàpá tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà tí ó dá ni ó ń rìn láàárín gbogbo èyí.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí bíréèkì ń ṣe gan-an. Ọ̀pọ̀ rò pé bíréèkì ń pa eré ọkọ̀ rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ eré náà di ooru ni. Ìjàpá tí ó ru ènìyàn mẹ́rin àti ẹrù díẹ̀ yóò wọ̀n tó kílógíráàmù 1,100. Bí ó bá ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, tí a sì tẹ bíréèkì títí ó fi dúró pátápátá, ooru tí yóò jáde tó láti mú omi inú ìgò ńlá, èyí tí ó gba sẹ́ńtílítà 75, hó gùdùgùdù, á sì ṣẹ́kù díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ dúró nìyẹn o. Ẹ wá ka iye ìgbà tí ẹ̀ ń dúró láti Bariga dé Ìdúmọ̀tà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bá mi jiyàn lé lórí. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru kì í di ìlọ́po méjì; ìlọ́po mẹ́rin ni. Ibi tí ọkọ̀ yóò yún kí ó tó dúró náà ń di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó ń sá 80 kò sáré ju ẹni tí ó ń sá 40 lọ ní ìlọ́po méjì lásán. Ó gbé wàhálà mẹ́rin lé bíréèkì rẹ̀ lórí. Ní eré 80 yẹn, mítà 22 ni ọkọ̀ ń lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí ìtẹ̀ iná kí ó tó dé orí bíréèkì rárá.

Ó kù kí á mọ bí irú bíréèkì méjèèjì ti ń ru ooru yìí. Dúrọ́ọ̀mù dà bí ìkòkò irin tí a dà dùbúlẹ̀, tí ó ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí. Nínú ìkòkò náà ni irin méjì tí ó tẹ̀ kọ́rọ́ wà, àwọn mẹkáníìkì ń pè wọ́n ní ṣúù, wọ́n sì lẹ láínìn mọ́ wọn lẹ́yìn. Bí a bá tẹ bíréèkì, epo bíréèkì yóò ti ṣúù méjèèjì síta, wọn yóò sì fún ara ìkòkò mọ́ láti inú. Ọgbọ́n ńlá ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìkòkò ti ń yí, ó ń fa ṣúù mọ́ ara rẹ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ obìnrin arúgbó fi lè dá mọ́tò dúró. Hándibíréèkì náà rọrùn láti so mọ́ ọn.

Àmọ́ ìkòkò tí a dé ni. Ooru kò tètè rí ọ̀nà jáde. Bí irin bá sì gbóná, ó ń wú. Bí dúrọ́ọ̀mù bá wú, ṣe ni ó ń sá fún ṣúù, ẹsẹ̀ yóò wá rìn jìnnà kí bíréèkì tó mú. Láínìn tí ó gbóná jù yóò máa yọ̀, bí ìgbà tí a tẹ òkúta tí omi ti fọ̀. Ẹni tí ó bá ń tẹ bíréèkì léraléra nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò ṣàkíyèsí pé ìtẹ̀ kẹwàá kò rí bí ìtẹ̀ kìíní. Ní ti òjò, ẹ kò nílò àlàyé. Omi tí ó wọ inú dúrọ́ọ̀mù kì í fẹ́ jáde. Ẹni tí ó gba inú àgbàrá kọjá ní Bariga, tí ó sì sáré jáde sí títì láìkọ́kọ́ rọra tẹ bíréèkì kí ó gbẹ, ó ń wá wàhálà.

Dísìkì yàtọ̀. Àwo irin pẹlẹbẹ ni, ìta gbangba ni ó ti ń yí. Kálípà gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń gbá a mú láti ọ̀tún àti òsì bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ti ń gbá irin mú. Páàdì méjì ni ó wà ní ẹnu ẹ̀mú náà. Bí àwo bá gbóná tí ó wú, ọ̀dọ̀ páàdì ni ó ń wú lọ, kò sá fún un. Atẹ́gùn ń fẹ́ ooru kúrò lára rẹ̀. Bí omi bá ta sí i, yíyí tí ó ń yí ń ta omi náà dànù. Àbùkù tirẹ̀ ni pé kì í fa ara rẹ̀ mọ́ra bíi ti dúrọ́ọ̀mù, nítorí náà ó ń fẹ́ kí agbára ẹsẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ tí ó wúwo ń lo sáfò láti ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, ohun kan bí agogo tí ó ń lo ìfàmọ́ra ẹ́ńjìnnì. Ìjàpá fúyẹ́, kò nílò rẹ̀.

Àbúrò bàbá ń pe dísìkì ní nǹkan àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́, bàbá. Ọdún kan náà, 1902, tí Louis Renault ti ilẹ̀ Faransé ṣe dúrọ́ọ̀mù, ni Frederick Lanchester, ará ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí dísìkì. Bàbà ni ó fi ṣe páàdì rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì ń han èèyàn létí, nítorí náà dúrọ́ọ̀mù ni ó gba ọjà fún àádọ́ta ọdún. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni eré ìje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ọkọ̀ ti ń sá fún wákàtí 24. Ní 1953, ọkọ̀ Jaguar tí Tony Rolt àti Duncan Hamilton wà ni ó gba ipò kìíní, dísìkì ilé iṣẹ́ Dunlop ni ó sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn oní-dúrọ́ọ̀mù ní láti máa tẹ bíréèkì láti òkèèrè kí wọ́n tó dé kọ́nà. Jaguar ń sá dé ibẹ̀ kó tó tẹ tirẹ̀. Ní 1955, Citroën fi dísìkì sí iwájú ọkọ̀ DS tí ẹnikẹ́ni lè rà.

Èyí tí ó kan ẹjọ́ wa jù lọ ni pé ní 1966, ilé iṣẹ́ Volkswagen fúnra rẹ̀ ní Jámánì fi dísìkì sí iwájú Ìjàpá 1500. Ẹni tí ó bá fi dísìkì sí Ìjàpá kò ba iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é jẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọ̀nà Badagry ní 1975, ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí a rà níhìn-ín ṣì jẹ́ oní-dúrọ́ọ̀mù, nítorí pé ó dínwó, mẹkáníìkì gbogbo sì mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Kí inú oníbéèrè wa má tíì dùn jù. Ohun kan wà tí àwọn tí ń ta dísìkì kì í sọ. Bí bíréèkì bá ti lágbára tó láti dá táyà dúró gbọningbọnin títí yóò fi máa yọ́ lórí ọ̀dà, agbára mìíràn kò lè mú ọkọ̀ dúró ní ibi tí ó kúrú sí i. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ táyà ni ó wà. Dúrọ́ọ̀mù tí ó péye lè mú táyà Ìjàpá dúró gbọningbọnin ní ìtẹ̀ kìíní. Èrè dísìkì wà ní ìtẹ̀ kẹwàá, ó wà nínú òjò, ó sì wà ní pé ọkọ̀ kì í fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà, mo bi oníṣòwò wa pé ọdún wo ni a ṣe táyà rẹ̀. Kò mọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ ó rí òǹkà mẹ́rin nínú àpótí kékeré kan. Bí ó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni. Táyà tòkunbọ̀ tí ó ti gbó lókè òkun kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sí dísìkì tí ó lè gbà á là.

Mo wá bẹ mẹkáníìkì náà wò. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi.

"Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jókòó."

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Wọ́n ní ẹ fẹ́ fi dísìkì sí Ìjàpá yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti rí kálípà àti àwo rẹ̀ ní Ládípọ̀. Ọjọ́ kan péré ni."

"Másítà wo lẹ fẹ́ lò?"

"Èyí tó wà níbẹ̀ náà ni, Tíṣà. Kò ṣe nǹkan kan, kò jò."

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti fọ́. Másítà ni ohun tí ẹsẹ̀ yín ń tì kí epo tó lọ sí àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Másítà tí a ṣe fún dúrọ́ọ̀mù ní fáàfù kékeré nínú, tí ó ń di ìwọ̀nba agbára mú nínú páìpù lẹ́yìn tí a ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí afẹ́fẹ́ má bàa gba ẹnu rọ́bà wọlé. Ní dúrọ́ọ̀mù, kò léwu, nítorí sípíríǹgì wà tí ó ń fa ṣúù padà. Dísìkì kò ní irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀. Agbára tí ó kù nínú páìpù yóò máa ti páàdì mọ́ àwo lọ́sàn-án lóru. Ọkọ̀ yóò wúwo, epo pẹtiróòlù yóò máa tán, àwo yóò gbóná pọ́n, epo bíréèkì yóò sì hó nínú kálípà. Epo tí ó hó di ooru, ooru sì ṣeé tẹ̀ bí tìmùtìmù. Ẹsẹ̀ yóò wọlẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé ẹ tẹ nǹkan kan. Ọkùnrin tí ó ná owó kí bíréèkì rẹ̀ lè mú nínú ooru yóò wá rí bíréèkì tí kò mú nítorí ooru.

Èkejì, kálípà ń mu epo ju sìlíńdà kékeré inú dúrọ́ọ̀mù lọ. Bí ihò másítà bá kéré jù, pẹ́dàlì yóò rìn jìnnà kí páàdì tó fọwọ́ kan àwo. Másítà tí a ṣe fún Volkswagen oní-dísìkì ni kí ẹ rà. Ẹ sì jẹ́ kí ó jẹ́ oníyàrá méjì, tí yàrá kan ń bọ́ iwájú, tí èkejì ń bọ́ ẹ̀yìn. Àwọn Ìjàpá àtijọ́ tí ó jẹ́ oníyàrá kan, bí páìpù kan ṣoṣo bá bẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò ní bíréèkì mọ́. Ní tèmi o, bí owó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo ni a lè rà, másítà oníyàrá méjì ni n óò rà kí n tó ra dísìkì.

Nígbà tí mo ṣàlàyé báyìí, mẹkáníìkì náà dákẹ́, ó ní, "Tíṣà, ẹni tó gbé ọkọ̀ wá ló ní kí n mú un wálẹ̀." Owó ni ó ń sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ má ná bíréèkì bí ẹni ń ná ata.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí a ní láti mọ̀ kí á tó dé Ládípọ̀. Ìjàpá tí wọ́n ṣe ṣáájú oṣù kẹjọ 1965 ń lo kíńgípìn níwájú. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ń lo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Èyí tí ó jẹ́ ti ọ̀kan kò wọ èkejì. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Super Beetle, iwájú tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Ẹ ka bóòtù táyà náà: ti àtijọ́ jẹ́ márùn-ún, ti ìkẹyìn jẹ́ mẹ́rin. Bí ẹ bá ra àwo oníbóòtù mẹ́rin fún ọkọ̀ oníbóòtù márùn-ún, ẹ ó ní láti ra ríìmù tuntun, bí ẹ kò bá sì pààrọ̀ ti ẹ̀yìn náà, sípíà kan kò ní bá ọkọ̀ yín mu. Ẹ fi ríìmù dán an wò kí ẹ tó sanwó, nítorí kálípà máa ń fẹ̀ débi tí yóò fi máa ha ríìmù nínú. Rọ́bà páìpù tí ó lọ sí kálípà ní láti jẹ́ tuntun. Ẹ má gba tòkunbọ̀ rọ́bà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ fi dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sílẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ó ru agbọ̀n tòmátì tí ó sì dúró lójijì: iwájú ni agbọ̀n ń tẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀. Bí a bá tẹ bíréèkì, ẹrù rẹ̀ ń rọ́ síwájú, ẹsẹ̀ iwájú ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́, kódà nínú Ìjàpá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá lágbára ju iwájú lọ, táyà ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ dúró gbọningbọnin, ìdí ọkọ̀ yóò sì yí wá síwájú bí àjà. Hándibíréèkì náà wà ní ẹ̀yìn, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ tún ẹ̀yìn náà ṣe: láínìn tuntun, kí ẹ sì wo bóyá epo jíà ń jò wọ inú dúrọ́ọ̀mù.

Mo ti rí iṣẹ́ kan tí ó péye ní gbogbo ọ̀nà, tí bíréèkì rẹ̀ kò sì mú. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ní ìgbà mẹ́fà, pẹ́dàlì ṣì ń rọ̀ bí fùfú. Kálípà ọ̀tún ni wọ́n fi sí òsì, wọ́n sì fi ti òsì sí ọ̀tún. Ibi tí a ti ń tú afẹ́fẹ́ jáde wá dojú kọ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń sá lọ. Wọ́n ìbá fa á títí di ọdún tí ń bọ̀. Ibi tí a ti ń tú u gbọ́dọ̀ wà lókè kálípà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ tí ó jìnnà jù sí másítà, kí ẹ parí sí èyí tí ó súnmọ́ ọn jù.

Epo bíréèkì tí a kọ DOT 4 sí lára ni ó dára fún iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé ìwọ̀n 230. Nígbà tí ó bá ti mu omi inú afẹ́fẹ́, ó lè hó ní 155. Ilẹ̀ tiwa ọlọ́rinrin yìí kì í jẹ́ kí ó pẹ́ kó tó mu omi. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì, ẹ má sì ra èyí tí wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ bu epo ẹ́ńjìnnì sí i nítorí pé bíréèkì ọ́ìlì tán, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ba gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá ní kí òun di páìpù ẹsẹ̀ kan pa nítorí pé ó ń jò. Ọkọ̀ tí ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró yóò yà wọ inú ọjà.

N óò sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń ṣí dúrọ́ọ̀mù àtijọ́. Láínìn ayé àtijọ́, asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún lára kó tó yọ jáde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é pátápátá ní 1999. Ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ fi omi rin ín, ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi síkàáwọ́ yín.

Bí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ má gba orí Third Mainland lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ wá ọ̀nà tí ó dá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ sá eré 50, kí ẹ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀ sí 10, kí ẹ tún sáré lọ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà mẹ́wàá. Páàdì yóò bá àwo mu. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, kí ẹ fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ iwájú. Ó gbọ́dọ̀ yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá le, ẹ padà sọ́dọ̀ másítà.

Nípa ẹjọ́ ẹbí náà, mo ní kí wọ́n ṣe é báyìí. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí ọmọ fẹ́ máa gbé lọ sí ọjà lójoojúmọ́ pẹ̀lú bébà lẹ́yìn, kí ó ra táyà, másítà oníyàrá méjì, àti dísìkì iwájú, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ó dúró títí owó yóò fi pé. Kí ó má ṣe dísìkì lóṣù yìí kí ó ní òun á ra másítà lóṣù tí ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú nìkan ni yóò máa gbé e jáde, kí ó tún dúrọ́ọ̀mù bàbá rẹ̀ ṣe dáadáa, kí ṣúù rẹ̀ bá ara wọn dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì, kí ó sì fi owó tí ó kù ra másítà náà. Ní ti àbúrò bàbá, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba dúrọ́ọ̀mù tí a bá yọ, kí wọ́n fi epo pa á, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Ohun ìrántí ẹ̀gbọ́n wọn ni, ẹni tí ó bá sì fẹ́ dá ọkọ̀ padà sí bí ó ti wà yóò rí i lò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa.

Olùkọ́ kan láti Ìjẹ̀bú-Òde bèèrè bóyá ó lè ṣe irú rẹ̀ fún Peugeot 404. Ó lè ṣe é, ó sì rọrùn ju bí ó ti rò lọ, nítorí àwọn 404 tí wọ́n ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1960 ti ní dísìkì níwájú láti ilé iṣẹ́. Kí ó wá gbogbo iwájú ọ̀kan nínú wọn, kì í ṣe kálípà nìkan, kí ó sì mú másítà àti sáfò rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí 404 wúwo ju Ìjàpá lọ, ẹsẹ̀ nìkan kò ní tó. Kí ó kọ nọ́ńbà tí ó wà lára àwo irin lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi, n óò fún un ní èsì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.